Iye Ẹja Ayé Àtijọ́ Nínú Ọ̀sà Wa
Ẹ̀yin ọmọ Agbówà nílé àti lẹ́yìn odi, bí a bá bi wá pé ẹja mélòó ni àwọn baba wa ń pa nínú ọ̀sà ní ọdún 1950, kí ni a ó wí? Kò sí ẹni tí ó gbé e lé ìwọ̀n. Agbọ̀n ni àwọn ìyá wa fi ń tà á. Èyí tí a sè jẹ nílé kò tilẹ̀ dé ọjà. Ohun tí akọ̀wé ìjọba kò kà, òfo ni ó ń dà nínú ìwé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Pauly àti Dirk Zeller tún ìṣirò ti òkun gbogbo àgbáyé ṣe. Ní ọdún 2016 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹja ọdún 1996 tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 130. 86 péré ni ìwé àwọn ìjọba sọ.

Àwa náà lè ṣe é: iye ọkọ̀, iye ọjọ́ tí wọ́n ń wọ odò, iye agbọ̀n tí ọkọ̀ kan ń kó bọ̀, kí a sọ wọ́n di ìlọ́po, òjò lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn lọ́tọ̀. Àwọn àgbà ni kí a bi, nítorí ọ̀dọ́ a máa rò pé ìwọ̀nba tí òun bá láyé ni ó ti wà rí. Apẹja àgbà pàápàá a máa bù mọ́ ọn díẹ̀! Ẹ jẹ́ kí a bi ìyá tí ó bá a tà á pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.