Ta ló gbé ‘ọ̀rọ̀’ pamọ́?

Nígbà tí a ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sórí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ kíláàsì, a wá ‘ọ̀rọ̀’ nínú àkójọ wa, JavaScript ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ ojú wa ń rí i!

Wàhálà yìí ní ìtàn. Ọdún 1875 ni àwọn CMS ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Nígbà tí Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣẹ̀dá JavaScript ní 1995, Unicode ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n kò fún ọ̀ tó ní àmì ohùn lórí ní nọ́ńbà kankan. Àmì ohùn ní láti tẹ̀ lé lẹ́tà lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí nǹkan ọ̀tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ọ, á fi àmì kún un. Òmíràn á tú u sí mẹ́ta: o, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Lójú tiwa, lẹ́tà mẹ́ta ni ‘ọ̀rọ̀’. JavaScript ka márùn-ún nínú ọ̀kan, méje nínú èkejì, ó ní wọn kò bára mu.

Ọdún 2015 ni wọ́n tó fi normalize sínú èdè náà. Ogún ọdún gbáko! A fi ìlà kan ṣoṣo kún iṣẹ́ wa, normalize("NFC"), kí gbogbo ọ̀rọ̀ gba ibẹ̀ kọjá ká tó wá a. ‘Ọ̀rọ̀’ jáde. Ìgbà náà la rí i pé a ti kọ ‘ẹ̀kọ́’ pẹ̀lú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.