Ìrìbọmi Afala, Ìyá Àjàyí



A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé ìrìbọmi ni ọ̀nà tí ènìyàn fi ń gba orúkọ òyìnbó. Àwọn mìíràn kà á sí ọjọ́ àsè lásán: a ó rán aṣọ funfun, a ó pa ẹran, gbogbo àdúgbò yóò sì mọ̀ pé ọmọ wa ti di ti ìjọ. Àwa kò dá ayọ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ohun tí omi náà túmọ̀ sí, ó tọ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nítorí náà ni a fi yan ìtàn obìnrin kan ṣoṣo fún ìpàdé òní.

Afala ni orúkọ rẹ̀, ará Òṣoògùn ni. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì mú Afala àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Àjàyí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni a tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni a ti ṣe ìrìbọmi fún un, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí a sì sọ ọ́ ní Samuel Crowther, ní orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní gbogbo àkókò yìí ìyá kò mọ̀ bóyá ọmọ wà láàyè, ọmọ kò sì mọ̀ bóyá ìyá ti kú.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 Crowther, tí ó ti di àlùfáà, wà ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú Henry Townsend. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni ìyá rẹ̀ dé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sì ń wo ara wọn.

Ẹ wá kíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé e. Ọmọ ni àlùfáà, omi kò sì wọ́n ní Abẹ́òkúta. Bí ó bá ṣe pé ọ̀wọ̀ tí ọmọ ń fún ìyá ni ìrìbọmi, à bá ti parí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848 kí a tó ṣe é fún Afala, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tí wọ́n jẹ́ àkọ́so ìjọ náà. Ó ju oṣù mẹ́tàdínlógún lọ. Àgbà obìnrin tí ó ti dàgbà nínú ìsìn àwọn baba rẹ̀ ní láti gbọ́ ẹ̀kọ́ bí ọmọdé. Èyí kì í ṣe àṣà tuntun. Ìwé ìjọ àtijọ́ kan, tí a ń fi orúkọ Hippolytus ará Róòmù pè, fi ọdún mẹ́ta lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn tí ń bọ̀ wá sínú omi.

Kí ni a ń dúró dè bẹ́ẹ̀? Ikú ni, a kì í sì í kánjú kú. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Róòmù pé a ti sin ẹni tí a rì bọmi pọ̀ mọ́ Kristi, kí ó lè jí dìde sí ìwà tuntun. Bíbélì wa gba ọ̀rọ̀ Gíríkì náà wọlé, ó pè é ní baptisi. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìrìbọmi sọ ọ́ yéni jù, nítorí rírì ni à ń wí nípa ọkọ̀ tí omi gbé mì. (Àwa kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bí omi yóò ti pọ̀ tó. Ìwé Didache ìgbàanì gbà pé níbi tí omi kò bá tó, kí a dà á sí orí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.)

Ìsìnkú kò ṣe àjèjì sí Afala. Ìyá wo ni a kó ọmọ rẹ̀ lọ lẹ́rú, tí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì kọjá, tí kì yóò ti ka ọmọ náà mọ́ òkú? Òkú náà sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá. Nígbà tí a wá ń kọ́ ọ nípa Ẹni tí ó kú tí ó sì tún yè, a kò rò pé ìtàn ilẹ̀ òkèèrè ni ó jẹ́ létí rẹ̀.

Hannah ni orúkọ tí a fún un. Hannah ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Ìwé Mímọ́, àwa Yorùbá náà sì ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá. Ìyá Sámúẹ́lì ni a gbọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ohun kan ń dùn wá níbẹ̀. Hannah ìgbàanì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé Olúwa. Ti Afala, a já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ tà á lọ́jà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa pé Ọlọ́run ni ó rán àwọn tí ń kó ẹrú nítorí kí Àjàyí lè gbàgbọ́. Ibi ni ohun tí wọ́n ṣe, omi ìrìbọmi kò sì sọ ọ́ di ire.

Orúkọ nìkan kọ́ ni ìrìbọmi. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, èyí tí ọmọ ń jẹ́ nítorí pé ó dojúbolẹ̀ nígbà tí a bí i. Omi kan kò lè wẹ̀ ẹ́ nù. Ní ọdún 1894 David Brown Vincent, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi, bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń jẹ́ Mojola Agbebi. Ó bọ́ orúkọ, kò bọ́ ìrìbọmi, ó sì ń wàásù Kristi títí ó fi kú ní ọdún 1917.

Ní ọdún 1849, ọdún kan péré lẹ́yìn ìrìbọmi Afala, inúnibíni dìde ní Abẹ́òkúta. A mú àwọn kan nínú àwọn onígbàgbọ́, a nà wọ́n, a sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Kò sí àsè lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aṣọ funfun. Ìjọ náà kò tú ká. Afala wà láàyè nígbà tí a fi ọmọ rẹ̀ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọdún 1864, ó sì kú ní ọdún 1883, ọdún márùndínlógójì lẹ́yìn tí a ti kọ́kọ́ sin ín nínú omi.