Tẹ̀tú Ọba àti Tẹ̀tú Ojú Títì

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Atokoligbé ti bi wá léèrè pé: kí ló dé tí orílẹ̀-èdè wa fi òpin sí ìdájọ́ ikú? Ẹni tí ó pa ènìyàn, ṣé kò yẹ kí a pa òun náà ni? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí ìtàn kì í sábà dárúkọ, èyíinì ni ẹni tí idà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Tẹ̀tú ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìránṣẹ́ ààfin ni wọ́n. Láìsí àṣẹ, idà wọn kì í jáde nínú àkọ̀. Aláàfin pàápàá kò ga ju ìdájọ́ lọ: bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ ọ́, dandan ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Baṣọ̀run Gáà sọ àṣà yìí di ohun ìjà, ó sì fi rán ọba ju ẹyọ kan lọ sọ́run, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Ikú oró tí òun náà kú ni àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ títí dòní: "Bí o láyà, kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sòótọ́."

Ní Danxomè, ìjọba tí ogun rẹ̀ kò jẹ́ àjèjì sí àwọn baba ńlá wa, Migan ni olórí ìjòyè, òun náà sì ni olórí àwọn tí ń bẹ́ orí. Ọba nìkan ni ó lè pàṣẹ ikú. Ṣùgbọ́n a kò ní pọ́n ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ: idà Migan bẹ́ orí ọ̀pọ̀ ẹrú ogun tí wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìran mẹ́fà ni ìdílé Sanson fi ṣe iṣẹ́ náà ní Paris, láti 1688 títí di 1847. Charles-Henri Sanson ni ó bẹ́ orí Ọba Louis Kẹrìndínlógún ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1793. Síbẹ̀, àwọn ará ìlú ń sá fún wọn, àwọn ìdílé apànìyàn-fún-ìjọba sì ń fẹ́ ara wọn láàárín ara wọn. Èyí tí ó jẹ ìkẹyìn nínú wọn fi ẹ̀rọ ìbẹ́rí náà dógò nítorí gbèsè, ìjọba sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìlú fẹ́ ikú ọ̀daràn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ bá ẹni tí ń pa á jẹun pọ̀. Ọdún 1981 ni Faransé pa òfin náà rẹ́.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti ọdún 1987 ni ìjọba kò ti pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 2012, orílẹ̀-èdè wa wọ inú àdéhùn àgbáyé tí ó fòpin sí ìdájọ́ ikú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2016, Ilé-ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ là á yé gbogbo ènìyàn pé kò sí ẹni tí a tún lè dá lẹ́jọ́ ikú mọ́. Ní 2018, a yí ìdájọ́ àwọn 14 tí ó ṣẹ́kù padà sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Idà ìjọba ti wọ inú àkọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kígbe "Olè!" lójú títì, táyà àti ẹ̀sáǹsì kì í pẹ́ dé. Tẹ̀tú mọ ẹni tí ó rán an. Orúkọ rẹ̀ kò pamọ́, ọ̀rọ̀ sì ti kọ́kọ́ dé iwájú ọba. Ta ni ó rán èrò ọjà? Níbo ni wọ́n ti gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n ń dáná sun? Àwọn àgbà ti sọ ọ́: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ tí ó kàwé pàápàá a máa ṣi ẹjọ́ dá, ṣùgbọ́n a lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún aláìṣẹ̀. A kò lè jí òkú.

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí: òfin ti gba idà lọ́wọ́ ọba àti ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí a gbé e lé ọwọ́ ara wa.