Àtọ̀sí

Àwọn tó ń ra àgbo ní ọjà Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, sábà máa ń pe gbogbo àrùn ìbálòpọ̀ ní àtọ̀sí. Àrùn kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. “Tọ̀” wà nínú ọ̀rọ̀ náà, torí ìtọ̀ a máa ta aláìsàn, ọyún a sì máa jáde lójú ara. Albert Neisser ló rí kòkòrò tó ń fà á, ní 1879. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní in kì í rí àmì kankan. Irú gbólóhùn tí a máa ń gbọ́ nìyí: “Dókítà ní àtọ̀sí ló ń ṣe Bọ́lá, kí ìyàwó rẹ̀ náà wá gba ìtọ́jú.”

Èyí tó ń dùn mí jù ni àtọ̀sí ajá, àrùn mìíràn tó kàn jọ ọ́ lórúkọ. Kò kan ìbálòpọ̀ rárá! Aràn inú odò, tó ń ti ara ìgbín omi wá, ló ń fà á. Ó ti bá ọ̀pọ̀ ọmọdé jà nítòsí dáàmù Ọ̀yán, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde. Wọ́n lè ṣì í pè ní nǹkan oṣù lára ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà, tàbí kí wọ́n máa bi í pé ta ló bá sùn. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ni kí wọ́n ṣe fún un. Oògùn praziquantel ló ń pa aràn náà.