Owó Ìrántí Àwọn Sójà Dúdú

Ní Parakou wa yìí, kò sí ẹgbẹ́ tí kì í dáwó. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ṣòfò, àwọn yòókù á gbé igbá kalẹ̀, olúkúlùkù á sì mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá. Àwọn àgbà sọ pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìtàn ìdáwó ni a fẹ́ sọ níhìn-ín. Àwọn kan ní ilẹ̀ Faransé kó ara wọn jọ, wọ́n sì dáwó láti ṣe ère ìrántí fún àwọn sójà tí wọ́n ti Áfíríkà wá jagun. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà nínú àwọn sójà náà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá.

Ogun ọdún 1914

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Faransé àti Jámánì. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn dá sí i. Ogun náà kò parí títí di ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1918. Nígbà náà, Faransé ni ó ń ṣàkóso ilẹ̀ wa. Dahomey ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1975 ni a tó sọ ọ́ di Benin.

Faransé ní ọ̀wọ́ ọmọ ogun kan tí ó dá sílẹ̀ ní Senegal ní ọdún 1857. Orúkọ tí ó fún wọn ni tirailleurs sénégalais. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Senegal nìkan ni wọ́n. Nígbà tí ogun dé, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ibi tí à ń pè ní Mali, Guinea, Côte d'Ivoire, Burkina Faso àti Niger lónìí. Wọ́n kó wọn ní Dahomey pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n kó lé ní 150,000. Nǹkan bí 30,000 nínú wọn ni kò padà sílé mọ́.

Àwọn kan fi ìfẹ́ inú ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni a fi ipá mú. Aláṣẹ òyìnbó á sọ iye ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ fún baálẹ̀, baálẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wí pé rárá. Àwọn mìíràn sá wọ igbó. Àwọn mìíràn sọdá sí ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ní Borgou níbí, àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ Bio Guéra. Ó bá Faransé jà nítorí owó orí, nítorí iṣẹ́ tipátipá, àti nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ sógun. Ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1916 ni ó kú. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2022, ìjọba ṣí ère rẹ̀ ní Cotonou, níbi tí ó ti jókòó lórí ẹṣin. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ̀ láti lọ ní ère. Àwọn tí wọ́n lọ ńkọ́?

Àwọn tí wọ́n dáwó

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí à ń pè ní Reims. Àwọn ará Jámánì rọ̀jò àgbá lé ìlú yìí lórí fún ọdún mẹ́rin, débi pé ilé tí ó wó pọ̀ ju ilé tí ó dúró lọ. Ní ọdún 1918, àwọn sójà dúdú wà lára àwọn tí wọ́n dúró níbẹ̀, tí wọn kò jẹ́ kí àwọn ará Jámánì wọ̀lú.

Nígbà tí ogun parí, àwọn kan dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti ṣe ère ìrántí fún àwọn sójà wọ̀nyí. Ọ̀gágun Louis Archinard ni ó jẹ́ alága wọn. Archinard yìí kan náà ni ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun Faransé nígbà tí wọ́n gba ìlú Ségou, ní ilẹ̀ Mali, ní ọdún 1890. Ẹni tí ó fi ìbọn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba ni ó wá ń tọrọ owó fún ìrántí àwọn ọmọ. Ayé ń yí.

Ìgbìmọ̀ náà ké sí àwọn ènìyàn pé kí wọ́n dáwó, owó sì wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1922, wọ́n fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní Reims. Paul Moreau-Vauthier ni ó gbẹ́ ère náà. Méjì tí ó jọra ni wọ́n ṣe. Wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali, ní oṣù kìíní ọdún 1924. Wọ́n ṣí èkejì ní Reims ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún kan náà.

Báwo ni ère náà ṣe rí? Sójà dúdú mẹ́rin ni ó dúró yí ọ̀gá sójà òyìnbó kan ká. Òyìnbó náà ni ó di àsíá Faransé mú. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti jagun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ àwọn sójà tí wọ́n kú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú sí Reims lè dé iwájú ère náà, kí ó wò ó títí, kó má rí orúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

Ogun ọdún 1940

Ère Reims kò pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1940, Jámánì tún ṣígun, wọ́n sì wọ Reims. Hitler ni ó ń ṣe olórí wọn. Kò ka ènìyàn dúdú sí ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tú ère náà, wọ́n sì kó o lọ. Ti Bamako ni ó ṣẹ́ kù.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1940 yẹn, ní Chasselay, lẹ́bàá ìlú Lyon, wọ́n mú àwọn sójà dúdú tí wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì pa wọ́n. Jean Marchiani, òṣìṣẹ́ kan tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn sójà àtijọ́, kò gbà kí òkú wọn fọ́n káàkiri. Ó kọ̀wé sí àwọn olórí ìlú láti mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ó wá ilẹ̀, ó kó wọn jọ, ó sì mọ ògiri pupa yí wọn ká bíi ti ilẹ̀ Mali. Ó parí iṣẹ́ náà ní ọdún 1942. Sàréè tí ó wà níbẹ̀ lé ní 180. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tí wọ́n kọ ni pé a kò mọ ẹni yìí.

Ní ọdún 2013, wọ́n tún ère Reims ṣe, wọ́n sì gbé e dìde.

Ti àwọn tí wọ́n padà wálé

Owó ère yàtọ̀ sí owó oúnjẹ. Àwọn sójà tí wọ́n padà wálé ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ Faransé. Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, nígbà tí òmìnira kù díẹ̀, Faransé ṣe òfin kan tí ó dá owó náà dúró sójú kan. Ti àwọn sójà Faransé ń lékè lọ́dọọdún, ti àwọn baba wa kò kúrò níbi tí ó wà. Ọdún 2007 ni Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó àwọn tí wọ́n jagun ní dọ́gba. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ilẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé, ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò. Owó lè gbẹ́ òkúta, ó lè rọ idẹ. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó wà ní òkèèrè kò lè mọ orúkọ tí ìyá pe ọmọ rẹ̀ ní ìdílé. Akọ̀wé tí ó kọ orúkọ àwọn sójà sílẹ̀ kò gbọ́ èdè wọn. Bí ó ṣe gbọ́ ọ ni ó ṣe kọ ọ́. Sójà fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé láti sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ ọ́.

Àwa mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè bóyá ẹnì kan lọ sógun òyìnbó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí a ti ń pè é nílé, ìlú rẹ̀, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, ọdún tí ó lọ, àti ọdún tí ó dé bí ó bá dé. Bí ìwé tàbí àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ bá wà nínú àpótí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Ẹ tètè ṣe é, nítorí àwọn àgbà tí wọ́n lè dáhùn kò pọ̀ mọ́.

Kò gba ìdáwó. Ìwé kan àti bíírò kan tó.