Hope Waddell: Àlùfáà Tí Orúkọ Rẹ̀ Di Ilé Ìwé

Ẹ̀yin tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà, yálà Kétu lẹ wà o, Ìkòsì ni o, tàbí Mile 12, ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Ní 1846 ni Àlùfáà Hope Masterton Waddell, ará Ireland, ọmọ ìjọ Presbyterian, gúnlẹ̀ sí Kàlàbá. Jàmáíkà ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ẹrú títí wọ́n fi gbòmìnira. Ọba Eyo Honesty Kejì ti Creek Town gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń túmọ̀ ìwàásù rẹ̀ fún àwọn èèyàn.

Láyé ìgbà náà, bí ọlọ́lá bá kú, wọn a máa pa ẹrú sin ín. Waddell àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá àwọn ìjòyè sọ ọ́ títí. Nígbà tó di 1850, ẹgbẹ́ Ẹkpẹ ṣòfin pé ó tó gẹ́ẹ́. Òfin onílẹ̀ ló múlẹ̀.

Ó kúrò ní 1858. Ní 1895, ọdún tó kú gan-an, ni Hope Waddell Training Institution bẹ̀rẹ̀. Nnamdi Azikiwe kàwé níbẹ̀.

Ẹ ò rí i? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ parun. Ilé ìwé tiwa náà ńkọ́? Ọwọ́ wa ló wà o.