Ilé Tí A Kọ́ Fún Ẹ̀rù

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Lẹ́kkí lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó sì ti kọjá Ajah, kò ní pẹ́ dé Ṣàngótẹ̀dó. Ọ̀sà wà ní ìhà kan, òkun wà ní ìhà kejì, ilé alájà púpọ̀ àti ọjà ńlá òde òní sì ti kún ibi tí igbó àti oko wà nígbà àtijọ́. Orúkọ ìlú náà kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti túmọ̀: Ṣàngó tẹ̀ dó. Ẹni tí ààrá jẹ́ ohùn rẹ̀, tí iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀, wá ibì kan, ó sì fi í ṣe ibùdó. A ti ń ro orúkọ yìí lọ́kàn wa láti ọjọ́ tí ohun kan ti ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú náà. Ó hàn sí wa pé ohun tí ó lẹ́rù kì í ba ìlú jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ní ibùdó tirẹ̀. Ìgbà tí ó bá ń rìn káàkiri láìní ilé ni ó ń ṣe ibi.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin kan, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, wo sinimá kan lóru lórí fóònù ìyá rẹ̀. Nínú sinimá náà, ìyá arúgbó kan a máa di ológbò, a sì máa pa ọmọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyá àgbà tí ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, kò sí ọmọ kan tí ó ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá náà mọ́, ẹnìkan sì ti sọ òkúta lu àtẹ rẹ̀. Nígbà tí a pe ọmọ náà, tí a sì bi í léèrè, kò sá, kò sì purọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, mo fi ojú mi rí i."

Àwọn kan nínú wa wí pé kí a fi òfin de gbogbo sinimá adẹ́rùbani pátápátá. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí kò gbọ́ ìtàn kì í dá ẹjọ́ rere. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ni, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bá wa padà sẹ́yìn díẹ̀, kí a wo bí àwọn mìíràn ti ṣe mú ẹ̀rù wọ inú ìtàn láìjẹ́ kí ó jáde bọ́ sí ìgboro.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ogun Hitler, láti ọdún 1942 títí di 1945, àwọn tí ń yẹ sinimá wò kò jẹ́ kí a fi irú èyí tí a ń sàmì sí gẹ́gẹ́ bí adẹ́rùbani han àwọn ènìyàn. Ẹ̀rù tí ń bọ́ láti ojú ọ̀run sórí ilé wọn ti tó wọn. Ní oṣù September 1945, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ilé-iṣẹ́ Ealing, tí Michael Balcon jẹ́ olórí rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn London, gbé sinimá kan jáde tí wọ́n pè ní Dead of Night, èyí tí àwa ìbá pè ní Ọ̀gànjọ́ Òru. Olùdarí mẹ́rin ni ó pín iṣẹ́ náà ṣe: Alberto Cavalcanti, ọmọ ilẹ̀ Brazil, Charles Crichton, Basil Dearden, àti Robert Hamer.

Ọkùnrin ayàwòrán ilé kan, Walter Craig, ni a pè sí ilé kan ní ìgbèríko Kent. Bí ó ti wọlé, ó rí i pé òun mọ gbogbo àwọn tí ó jókòó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pàdé wọn rí. Ojú àlá ni ó ti ń rí wọn, ó sì mọ̀ pé ibi ni òpin àlá náà. Nígbà náà ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tí ojú ti olúkúlùkù wọn rí. Awakọ̀ eré-ìje kan sọ bí òun ti yọjú lójú fèrèsé ilé-ìwòsàn, tí òun rí ọkọ̀ òkú tí awakọ̀ rẹ̀ ń pe òun wọlé. Nígbà tí òun sì tún rí ojú ọkùnrin kan náà lára ẹni tí ń gba èrò sínú bọ́ọ̀sì, òun kọ̀ láti wọ̀ ọ́, bọ́ọ̀sì náà sì ré bọ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan sọ bí òun ti tu ọmọ kékeré kan tí ń sunkún nínú nínú yàrá kan nígbà àjọ̀dún Kérésìmesì, tí òun sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ọmọ tí a ti pa tipẹ́tipẹ́ ni. Ìtàn èyí ní gbòǹgbò nínú ìpànìyàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1860. Obìnrin kan sọ ti dígí àtijọ́ kan tí ń fi yàrá ẹlòmíràn han àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Onílé fúnra rẹ̀ sọ ti àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí ń gbá gọ́ọ̀fù, láti mú kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Dókítà ọpọlọ kan wà láàrin wọn tí kò gba ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbọ́. Van Straaten ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti sọ tán, òun a wá ìdí rẹ̀, a sì fi ọgbọ́n orí tú u. Síbẹ̀, ẹnu dókítà yìí gan-an ni ìtàn tí ó lẹ́rù jùlọ ti jáde: ti ọkùnrin kan tí ń fi ère onígi ṣeré, tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ère náà ni ó ń sọ̀rọ̀, títí ère náà fi dàbí ọ̀gá lé e lórí. Ní ìgbẹ̀yìn, àlá náà ṣẹ mọ́ Craig lọ́wọ́, ó jí lórí ibùsùn rẹ̀, tẹlifóònù sì dún: wọ́n ń pè é sí ilé kan ní ìgbèríko Kent. Ó tún mú ọ̀nà pọ̀n. Ìparí ìtàn di ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsi bí a ti kọ́ ilé yìí. Àwọn ìtàn náà kò dá dúró. Yàrá kan ni ó gbà wọ́n, ẹni tí ń sọ wà níbẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ń jiyàn pẹ̀lú sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ń wò ó mọ̀ nígbà gbogbo pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan ni òun ń gbọ́, ó sì lè gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Nígbà tí a kó sinimá náà lọ sí Amẹ́ríkà, a gé ìtàn Kérésìmesì àti ti gọ́ọ̀fù kúrò kí ó má bàa gùn jù, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò sì rí ojú òpin rẹ̀ mọ́, nítorí àwọn ohun tí a gé kúrò tún ń yọjú nínú àlá ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá fa òpó kan yọ nínú ilé, gbogbo òrùlé ni yóò mì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ wa ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ti ní tiwọn. A kì í pa àlọ́ ní ọ̀sán. Alẹ́ ni, nígbà tí iṣẹ́ oko ti tán, tí òṣùpá ti là. Àgbà yóò pe àlọ́, àwọn ọmọ yóò dáhùn, gbogbo wọn yóò sì mọ̀ pé àwọn ti wọ inú ọgbà kan. Iwin lè wà nínú ọgbà náà, òkú lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Ìjàpá lè fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tan ẹni tí ó lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí àlọ́ bá ti parí, àgbà yóò sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, a ó sì ti ilẹ̀kùn ọgbà náà. Ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà yóò sún mọ́ ìyá rẹ̀, oorun yóò sì gbé e lọ.

Ní 1938, ọdún méje ṣáájú sinimá Ealing, ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ní Èkó tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tí í ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ bí àwa, ni ó kọ ọ́. Òun náà kò jẹ́ kí iwin rẹ̀ rìn káàkiri láìní ilé. Àgbàlagbà kan ni ó wá bá akọ̀wé, tí ó ní kí ó mú kálámù kí ó sì máa kọ. Ẹnu Àkàrà-Oògùn ni gbogbo ohun ìyanu náà ti jáde. Ìdí nìyí tí ìjọ Ọlọ́run fi lè tẹ ìwé tí ó kún fún iwin, tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ sì kà á láti ìran dé ìran, tí a kò gbọ́ pé nítorí rẹ̀ ni a ṣe sọ òkúta lu arúgbó kan.

Ilé tí Ealing kọ́ kò wó. Ní 1965, ilé-iṣẹ́ Amicus, tí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe Dr. Terror's House of Horrors. Ọkùnrin márùn-ún jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹnìkan sì ń fi káàdì wo àyànmọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìtàn kan, olórin kan láti London lọ sí erékùṣù West Indies, ó jí orin òrìṣà kan tí wọ́n ń pè ní Dambala, ó sì jìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí ilẹ̀ Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, ni ẹ̀sìn vodun ti bá àwọn ẹrú kọjá òkun. Àwọn aládùúgbò wa ni wọ́n. Ohun tí ẹlòmíràn ń bọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ti di ohun ìdẹ́rùbani lójú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Báyìí ni a rí i pé ilé ìtàn tí ó dára pàápàá lè ṣe àìṣòdodo sí ẹni tí a kò pè wọlé láti sọ tẹnu rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, Hubert Ògúndé, tí ó ti ń ṣe eré onítàn Bíbélì ní Èkó láti 1944, gbé sinimá Aiyé jáde ní 1979, nínú èyí tí àwọn àjẹ́ dojú ìjà kọ ìlú kan. Inú gbọ̀ngàn ni a ti wò ó, pẹ̀lú èrò púpọ̀, pẹ̀lú ariwo àti ẹ̀rín. Lẹ́yìn tí Living in Bondage jáde ní 1992, fídíò wọ inú ilé olúkúlùkù. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn aṣefídíò ṣe fún wa, a kò sì gbọdọ̀ gàn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn yọ ilẹ̀kùn ilé ìtàn kúrò. Wọn kò sọ pé, Ìtàn nìyí. Wọ́n wí pé, Òtítọ́ nìyí, ẹ ṣọ́ àwọn ará ilé yín. Kò sí dókítà tí ń jiyàn nínú wọn. Àwọn àgbà a máa wí pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá fi í ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́, ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ni yóò ta sílẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, a fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan àwọn ọmọdé, a lù wọ́n, a sì lé wọn jáde nílé, títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní 2008 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti pe ọmọ ní àjẹ́.

Láìpẹ́ yìí, ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ olùdarí mẹ́ta, C. J. Obasi, Abba Makama àti Michael Omonua, ṣe Juju Stories, ìtàn mẹ́ta nínú sinimá kan, a sì fi ẹ̀bùn dá a lọ́lá ní àjọ̀dún sinimá Locarno ní ilẹ̀ Switzerland. Ọ̀kan dá lórí oògùn ìfẹ́, ọ̀kan dá lórí ọ̀rẹ́ tí a fura sí pé àjẹ́ ni. Ìyókù ni gbogbo ọmọ Èkó ti gbọ́ láti kékeré: ẹni tí ó mú owó tí ó rí nílẹ̀, tí ó sì di iṣu. Àhesọ ìgboro ni wọ́n mú, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkọlé, wọ́n sì fi hàn gẹ́gẹ́ bí àhesọ. Ẹ̀rù tún ti rí ilé gbé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ṣàngótẹ̀dó. A kò fi òfin de sinimá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, a mú àwọn ọmọ jókòó yíká, a sì ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí ó dẹ́rù bà á jùlọ. A yan ọmọ kan láti máa béèrè lẹ́yìn ìtàn kọ̀ọ̀kan pé, "Ta ni ó rí i? Níbo ni ó ti rí i?" Nígbà tí ó kan ọmọkùnrin wa, ó sọ ti ìyá tí ó di ológbò. A bi í ní ìbéèrè náà. Ó dákẹ́ pẹ́, ó sì wí pé, "Lórí fóònù ìyá mi ni." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun pẹ̀lú rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n jáde ní ọjọ́ náà, ọmọ mẹ́rin ra ẹ̀pà. Ọmọkùnrin náà kò rà á. Ó dúró ní òkèèrè, ó ń wo ọwọ́ ìyá náà bí ó ti ń wọn ẹ̀pà sínú ìwé. Ẹ̀rù kì í kúrò lára ènìyàn ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó kí i, ìyá náà sì dáhùn, ó ní, "Kú ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ mi." Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rù ìtàn adẹ́rùbani. Ẹ kọ́ ilé fún un, ẹ jẹ́ kí ó ní ilẹ̀kùn, kí ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ sì máa wà nínú ilé náà nígbà gbogbo.